Ẹ̀wù Ọgọ́ta

Ilé tí wọ́n ń kó ẹja dídì sí ni tẹ́lẹ̀, létí odò Họ́ńbà,
nílùú Họ́ọ̀lù, níbi tí atẹ́gùn kì í ti í kanlẹ̀kùn kó tó wọlé.
Wọ́n fọ òórùn ẹja títí, kò lọ.
Mirela, ọmọ Rumáníà, ló kó ẹ̀wù ọgọ́ta wá síbẹ̀,
kóòtù, ṣẹ́ẹ̀tì, súwẹ́tà tí kòkòrò ti jẹ nígbọ̀nwọ́.
Okùn tín-ín-rín ló fi so wọ́n rọ̀ láti òkè àjà,
kò sí ọrùn nínú ọrùn ẹ̀wù,
kò sí ọwọ́ nínú apá.
Rédíò kan wà láàárín wọn tó ń kọ orin sójà.
Bó o bá sún mọ́ ọn, á dákẹ́.
Bó o bá kúrò, á tún bẹ̀rẹ̀.

Iṣẹ́ tèmi ò ju kí n dúró:
aṣọ dúdú, bàtà dúdú, nọ́ńbà láyà,
kí n máa wí pé, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fọwọ́ kàn án."
Pọ́n-ùn méjìlá ní wákàtí kan, tíì lọ́fẹ̀ẹ́.

Lọ́jọ́ kìíní, bàbá arúgbó kan wọlé,
ará Kọ́dísítánì, mo rò bẹ́ẹ̀, irunmú rẹ̀ funfun.
Ó wo ẹ̀wù, ó wo rédíò,
ó wo èmi.
Kí n tó lanu, ó ti na káàdì ìgbélùú rẹ̀ sí mi,
ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n bí ọmọrí ìkòkò tí omi ń hó lábẹ́ rẹ̀.
"Bàbá, èmi kọ́. Aṣọ́lẹ̀kùn lásán ni mí."
Ó ní ẹ ṣé, ó ní ẹ ṣé, ó ń fẹ̀yìn rìn jáde.
Mo wo ara mi nínú gíláàsì.
Áà! Wọ́n ti fi mí kún iṣẹ́ ọnà náà
láì fi kọ́bọ̀ kan kún owó mi.

Mo mọ orin yẹn.
Ní Ìkìrun, aago márùn-ún ààbọ̀,
òun ló ń jí wa bí ìjọba bá ṣubú lóru.
Bàbá mi, Tíṣà Olágòkè, á rẹ rédíò sílẹ̀
títí ohùn sójà á fi dà bíi ti ẹ̀fọn.
Ìbẹ̀rù ejò kì í jẹ́ ká tẹ ọmọ ejò mọ́lẹ̀;
nílé tiwa, kò jẹ́ ká tẹ ilẹ̀ rárá.
Síbẹ̀ ó kọ lẹ́tà kan ṣoṣo sí àwọn oníwèé ìròyìn,
ọ̀rọ̀ owó oṣù àwọn tíṣà ni, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.
Síńgílẹ́ẹ̀tì ló wọ̀ nígbà tí wọ́n mú un.
Ó ní, "Ẹ jẹ́ n mú bùbá mi."
Wọ́n ní kò sí òtútù níbi tí à ń lọ.
Ọdún mọ́kànlá ni bùbá náà fi wà lórí ìṣó.
Ìyá mi á fọ̀ ọ́ ní Sátidé, á lọ̀ ọ́, á dá a padà.
Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án.

Aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, n ó ti ilẹ̀kùn, n ó ka ẹ̀wù.
Glenys, ọ̀gá wa, ló fún mi níwèé:
ọgọ́ta. Ó pé? Kò pé?

Lánàá, òjò rọ̀ ṣáá.
Àwọn ọmọ iléèwé wá; ọ̀kan béèrè pé,
"Àwọn tó ni aṣọ ńkọ́?"
Tíṣà wọn ní kó dákẹ́.
Nígbà tí mo kà á, ó di ọgọ́ta ó lé kan.
Mo tún un kà láti ẹ̀yìn wá. Ọgọ́ta ó lé kan.
Lára ògiri, lórí ìkọ́ tí wọ́n fi ń so ẹja nígbà kan,
kóòtù ọmọdé kan, aláwọ̀ ọsàn, bọ́tìnnì rẹ̀ kan ti já,
omi òjò ṣì ń kán létí rẹ̀.
Ta ló gbé e wá? Èmi tí mo dúró látàárọ̀, mi ò rí i.
Tíkẹ́ẹ̀tì bọ́ọ̀sì kan wà lápò rẹ̀, kì í ṣe ti ìlú yìí,
apá ọ̀tún ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ̀wé ara rẹ̀.

Ó yẹ kí n pe Glenys.
Mo ṣí fìlà. Mo pa rédíò.
Mo fọwọ́ kan kóòtù náà,
mo na apá rẹ̀ méjèèjì dáadáa kí ó lè gbẹ.
Mo wá mú bírò, mo kọ ọ́ sínú ìwé:
Ó pé.